Níbo Lèéfín Ti Ń Rú? Bí A Ṣe Lè Rí Barbecue Amẹ́ríkà Gidi Nílẹ̀ Òkèèrè

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá kan sọ ní ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ló ti gbé Amẹ́ríkà rí kó tó kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Èmi gbé Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, fún ọdún 11. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mo rò pé oúnjẹ ilé ni ọkàn mi yóò máa fà sí, àmọ́ àdúgbò Peckham níbí ti gbọ́ tìyẹn: ẹ̀lúbọ́, ẹ̀gúsí, ṣàkì, pọ̀nmọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí àtẹ ní Rye Lane. Ohun tí mo wá tì ni igẹ̀ màlúù tí wọ́n fi igi óákù yan láti alẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, èyí tí àwọn ará Texas ń pè ní brisket.

Kò pẹ́ tí mo dé ni ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi pè mí sí barbecue nílé rẹ̀. Mi ò jẹun láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo débẹ̀, sọ́sééjì àti bọ́gà ni mo bá lórí èédú, kò sì ju ìṣẹ́jú 15 lọ tí gbogbo rẹ̀ fi jinná. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọkùnrin náà ṣe mí lálejò, mo jẹ, mo sì yó. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní barbecue yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Texas, ní Memphis àti ní Carolina.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì máa ń dùn mọ́ mi nínú tí mo bá rántí rẹ̀. A máa ń sun iṣu. A máa ń sun ẹran ewúrẹ́ tí a fi ń ṣe asun: iná ń jó nísàlẹ̀, ẹran wà lókè rẹ̀ gan-an, kì í pẹ́ jinná. Àmọ́ ní ti ẹja, yíyan là ń yan án. Ẹni tó bá ti dé Màkókó, tó rí bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe é, yóò mọ̀ pé iná díẹ̀, èéfín púpọ̀ àti àkókò gígùn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Barbecue Amẹ́ríkà, yíyan ni, kì í ṣe sísun. Ìyàtọ̀ tó kàn wà ni pé àwa ń yan ẹja kó lè gbẹ kó sì pẹ́ nílẹ̀, àwọn ń yan ẹran líle kó lè rọ̀. Tí ẹ bá ti di èyí mú, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí ẹ ń wá.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Taíno ló ti wá, àwọn onílẹ̀ erékùṣù Kàríbíánì kí òyìnbó tó dé. Pẹpẹ igi tí wọ́n ń gbé ẹran lé sókè iná ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Spéìn gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, wọ́n sì kọ ọ́ ní barbacoa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó dé. Ní Virginia àti Carolina, nígbà oko ẹrú, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń gbẹ́ kòtò. Àwọn ló ń gé igi, tí wọ́n ń jó o títí yóò fi di ẹyín iná, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o sábẹ́ odidi ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń fi fíníga àti ata pa á lára títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Olówó wọn ló ń gba ìyìn lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865 ni wọ́n kéde òmìnira fún àwọn ẹrú ní Galveston, Texas, láti ìgbà náà sì ni barbecue ti wà nídìí àjọ̀dún Juneteenth. Ní ọdún 1872, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní Houston dá owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ kí wọ́n lè ríbi ṣe àjọ̀dún náà. Emancipation Park ni wọ́n pè é, ó sì wà ní àdúgbò Third Ward ní Houston títí dòní. Mo ti jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀ lóṣù kẹfà, pẹ̀lú ẹran lórí búrẹ́dì funfun nínú bébà, mo sì ronú kan àwọn tó ra ilẹ̀ náà.

Ní ọdún 1908, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Henry Perry, tí wọ́n bí nítòsí Memphis, bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹran yíyan ní Kansas City. Ìwé ìròyìn ló fi ń dì í fún oníbàárà. Charlie Bryant ló jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, Arthur Bryant àbúrò Charlie sì gbà á tẹ̀ lé e. Mi ò ní sọ fún yín pé àwa Yorùbá la dá barbecue sílẹ̀, irọ́ ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló mọ ọ́n bó ṣe rí lónìí, èmi ò sì lè kà á sí oúnjẹ àjèjì.

Tí ẹnì kan bá wá gbé àkọlé síta nílẹ̀ òkèèrè pé òun ń ta barbecue Amẹ́ríkà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: “Ti ibo?” Ìlà oòrùn North Carolina, odidi ẹlẹ́dẹ̀ ni, pẹ̀lú fíníga àti ata, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé oúnjẹ Skylight Inn nílùú Ayden láti ọdún 1947. South Carolina ní àwọn tó ń fi mọ́sítádì sí i. Memphis, egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀. Owensboro ní Kentucky, ẹran àgùntàn. Kansas City ló ni ọbẹ̀ tòmátò tó ki, tó sì dùn bí oyin. Torí pé ìyẹn ṣeé rọ sínú ìgò, òun ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, tí wọ́n fi rò pé ọbẹ̀ inú ìgò ni barbecue. Àárín gbùngbùn Texas, igẹ̀ màlúù. Àwọn alápatà tó ṣí wá láti Jámánì àti ilẹ̀ Czech ní ọ̀rúndún 19 ló ń yan ẹran tí wọn ò rí tà lẹ́yìn ìsọ̀ wọn. Ẹ dé ìlú Lockhart níbẹ̀, ẹ ó rí ilé ẹran yíyan Kreuz Market tó ti wà láti ọdún 1900. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi fún oníbàárà ní ọbẹ̀ tàbí fọ́ọ̀kì níbẹ̀. Ìka ọwọ́ ni fọ́ọ̀kì, ẹran tó bá dára kò sì ní ohun tó fẹ́ fi ọbẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dá mi lóhùn nígbà tí mo bá bi í pé “Ti ibo?”, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀.

Kí ló wá dé tó fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀ níbí? Ẹran ni àkọ́kọ́. Ní Sátidé kan, mo lọ bá alápatà kan ní Peckham, ọmọ Ìbàdàn, ọ̀dọ́kùnrin tó mọṣẹ́.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Kí lẹ fẹ́ gbà?”

“Àbúrò, igẹ̀ màlúù ni mo fẹ́. Odidi.”

Ó wọlé, ó sì gbé ẹran kan jáde tí wọ́n ti ká bí ẹní, tí wọ́n fi okùn dì lọ́nà mẹ́fà.

“Ọ̀rá ẹ̀ dà?”

“A ti gé e kúrò fún yín sà. Àwọn oníbàárà wa kì í fẹ́ ọ̀rá.”

Mo rà á bẹ́ẹ̀, mo yan án fún wákàtí mẹ́sàn-án, ó sì gbẹ bí igi ìdáná. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe ń gé igẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, torí inú ìkòkò tàbí ààrò ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Èyí tí Texas ń lò, odidi ni: iṣan ẹran méjì tó gun ara wọn, ọ̀kan pẹlẹbẹ tí kò lọ́ràá púpọ̀, ọ̀kan tó nípọn tí ọ̀rá kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá láàárín wọn àti ọ̀rá mìíràn tó bo ìta. Ọ̀rá yẹn ló ń dáàbò bo ẹran lóru. Tí ẹ bá gé e kúrò, iná ti rí ẹran jẹ. Ẹ wá fi kún un pé koríko ni màlúù ilẹ̀ yìí ń jẹ jù, nígbà tí ti Amẹ́ríkà máa ń jẹ àgbàdo fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó pa á, tí ọ̀rá á fi wọ inú ẹran náà tínrín-tínrín. Ẹran Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibí. Láti ọdún 1989 ni Yúróòpù ti fòfin de ẹran màlúù tí wọ́n fún ní òògùn tó ń mú un tètè dàgbà, Gẹ̀ẹ́sì sì di òfin náà mú lẹ́yìn tó kúrò láàárín wọn. Ìwọ̀nba tí kò ní òògùn yìí nínú ló ń wọlé, owó rẹ̀ sì máa ń ta ni lára.

Lẹ́yìn ẹran, òfin èéfín. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú bo Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Òun ló bí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1956. Títí dòní, ní apá tó pọ̀ jù nínú ìlú yìí, ilé oúnjẹ kò lè máa tú èéfín igi jáde bó ṣe wù ú. Ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ lò. Mi ò bá òfin yẹn jà, ẹ̀mí èèyàn ló gbà á kó tó wáyé. Ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn mìíràn máa fi gáàsì tàbí iná mànàmáná se ẹran, kí wọ́n wá ju ìwọ̀nba igi díẹ̀ sí i fún òórùn lásán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ojúlówó? Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kí imú yín kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní òpópónà kí ẹ tó ka àkọlé. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé bóyá igi wà níbẹ̀ tí wọ́n tò jọ. Tí wọ́n bá gbé igẹ̀ wá, ẹ fi ẹ̀là kan kọ́ orí ìka: ó yẹ kó tẹ̀ wálẹ̀ ní ìhà méjèèjì láì já, kó sì já wẹ́rẹ́ tí ẹ bá rọra fà á. Òrùka pupa tí àwọn èèyàn máa ń wá létí ẹran, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Èéfín ń fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bákìn lè ṣe òrùka yẹn láìsí èéfín rárá. Ní ti egungun ìhà, tí ẹran bá ń já bọ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fẹnu kàn án, wọ́n ti sè é jù. Ó yẹ kí eyín yín ṣiṣẹ́ díẹ̀. Tí ẹ bá sì débẹ̀ láago méje alẹ́, tí wọ́n ní igẹ̀ ti tán, ẹ má bínú. Ẹran tó gba wákàtí 14 kò ṣeé sáré sè nígbà tí oníbàárà bá ń dúró.

Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, David Carter bẹ̀rẹ̀ ilé oúnjẹ Smokestak níta gbangba kó tó gba ilé lẹ́bàá Brick Lane lọ́dún 2016. Ní Paris, ọmọ Faransé kan lọ kọ́ṣẹ́ ní Texas, ó sì ṣí The Beast lọ́dún 2014. Kódà abúlé kan ní gúúsù Sweden, Nyhamnsläge, ní ilé oúnjẹ Holy Smoke. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ pè, torí ilé oúnjẹ ń ṣí, ó sì ń pa dé: Pitt Cue, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́bàá odò Thames lọ́dún 2011, tó sì kọ́ ọ̀pọ̀ nílùú yìí ní ohun tí èéfín lè ṣe, kò sí mọ́.

Èmi padà sọ́dọ̀ alápatà mi. “Àbúrò, má ká a, má dì í, má fọwọ́ kan ọ̀rá ẹ̀.” Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbádùn, ṣùgbọ́n ó wọn kílò mẹ́fà fún mi. Iyọ̀ àti ata dúdú nìkan ni mo fi ra á lára. Mo dá iná igi óákù gbígbẹ lẹ́yìnkùlé (òfin gba ìyẹn láàyè), mo sì gbé ẹran lé e láago mẹ́wàá alẹ́, iná náà ò ju nǹkan bí 120 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárọ̀, nígbà tí inú ẹran dé nǹkan bí 70, ó dúró. Wákàtí kan, méjì, mẹ́ta, kò gòkè mọ́. Òógùn ló ń là. Omi tó ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń tù ú, bí òógùn ṣe ń tu àwa náà nínú oòrùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú koná, tí wọ́n á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo fi bébà alápatà dì í, mo jókòó tì í. Nígbà tó dé 95, irin tẹmọmítà wọ inú rẹ̀ bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀kọ. Mo jẹ́ kó sinmi fún wákàtí méjì kí n tó gé e lòdì sí bí okùn ẹran ṣe tò. Ìta rẹ̀ dúdú bí èèpo igi, omi ẹran sì ń ṣẹ̀ jáde láti inú rẹ̀.

Mo dì díẹ̀ fún alápatà náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Orí ìdúró ló ti jẹ ẹ́, ó lá ìka rẹ̀, ó sì yẹ èyí tó kù nínú bébà wò.

“Ẹ̀gbọ́n, igẹ̀ tí mò ń tà náà rèé?”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí n tó kí i tán, ó ti wọlé lọ gbé ọ̀kan jáde, odidi, láì ní okùn, ọ̀rá rẹ̀ funfun báláú lára rẹ̀.