Ọrùn Ìkókó Tó Le, Orí Tó Di Pẹlẹbẹ: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Ń Wẹ Ọmọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, pàápàá ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ tẹ̀lé ọmọ yín wá. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀, torí ní Ìbàdàn wa yìí, ọwọ́ yín ni ọrùn ìkókó kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ ń wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ ń nà án, ẹ̀yin lẹ ń tẹ orí rẹ̀. Àwa físíò, tí a ń fi nínà àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, á kọ́ ìyá ọmọ ní ohun tí yóò ṣe, a ó sì gbàgbé pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe òun ló ń wẹ ọmọ. Èyí kò dára tó.

Iṣan kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ́tùn-ún àti lósì, ó ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ wá sí òkè àyà. Bí ti ọ̀tún bá le tó sì kúrú, orí ọmọ á dà sí ọ̀tún, àgbọ̀n rẹ̀ á kọjú sí òsì. Ó lè jẹ́ bí ọmọ ṣe há nínú oyún ló fà á, ó sì lè jẹ́ nígbà ìbí. Nígbà míì, ẹ ó fọwọ́ kan kókó kékeré nínú iṣan náà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ tú u.

Orí ọmọ ṣì rọ̀. Àwújẹ̀ iwájú sábà máa ń tó nǹkan bí oṣù 18 kó tó pa dé. Ọmọ tó bá ń fi ojú sí òsì ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yìn orí rẹ̀ lápá òsì ni bẹ́ẹ̀dì ń tẹ̀ tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ á sì di pẹlẹbẹ. Ẹ dúró sókè orí rẹ̀, kí ẹ wò ó láti òkè: ẹ ó rí i pé etí apá ibẹ̀ ti sún síwájú ju èkejì lọ.

Àwọn kan á ní kí a kúkú máa da ọmọ dé bolẹ̀ sùn. Rárá o. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní Amẹ́ríkà ní 1994 pé kí ọmọ máa fi ẹ̀yìn sùn, ikú òjijì lójú oorun ti dín kù ju ìdajì lọ láàárín àwọn ọmọ jòjòló. Lóòótọ́, orí pẹlẹbẹ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n orí pẹlẹbẹ ní àtúnṣe.

Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ wá kàn. Àwọn kan máa ń di ọmọ mú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọ́n á fi orí gbé e sókè pé kí ọrùn lè gùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sílẹ̀. Ọrùn ìkókó kò tíì lè gbé orí, kí a má ì tíì sọ gbogbo ara. Fífà lójijì lè ṣe é léṣe gan-an. Ìwẹ̀ fúnra rẹ̀ kò burú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí máa ń dẹ ara ọmọ, ẹ̀yìn ìwẹ̀ sì ni àkókò tó dára láti na ọrùn, bí físíò bá ti fi hàn yín. Ẹ tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ló le, ọwọ́ kan á rọra di èjìká ọ̀tún mú, èkejì á gba orí lábẹ́, ẹ ó sì rọra darí rẹ̀ títí etí òsì á fi sún mọ́ èjìká òsì. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa kọrin fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra yí àgbọ̀n rẹ̀ sí èjìká ọ̀tún. Bó bá ń bá yín jà, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ dáwọ́ dúró.

Nígbà tí ẹ bá pọ̀n ọ́n, ẹ kọjú rẹ̀ sí apá tí kì í fẹ́ wò, kí ọ̀já sì gbá ọrùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ yí ibi tó ń dùbúlẹ̀ sí padà, kó lè jẹ́ pé apá yẹn ni yóò ti máa wá ojú ìyá rẹ̀. Bó bá la ojú sílẹ̀, ẹ da ikùn rẹ̀ dé àyà yín tàbí orí ẹní, kó máa gbìyànjú àtigbé orí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kó tó ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó pín in.

Ẹ má ra ìrọ̀rí oníhò fún un láti fi sùn, ó léwu gan-an. Ní ti àkẹtẹ̀ líle tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń dé fún ọmọ kí orí pẹlẹbẹ lè tún ṣe, ìwádìí kan ní Netherlands tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 wo ọmọ 84. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 2, orí àwọn tó dé e kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò dé e.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn físíò ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù 1, ọrùn ọmọ 98 nínú 100 á máa yí dáadáa láàárín oṣù kan ààbọ̀. Bó bá di ẹ̀yìn oṣù 6, ìtọ́jú náà lè gbà tó oṣù 9 tàbí 10. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín wo ọrùn rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn bí ẹ bá ti rí i ṣáájú. Bí ọrùn tó ti tọ́ tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé wọ́, bí ibà bá wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ fọwọ́ kan ibi tó le tó sì yọ gbọọrọ ní agbárí ọmọ, ọ̀dọ̀ dókítà lẹ ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe nínà.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ físíò, ní ilé ìwòsàn UCH ní Orítamẹ́fà tàbí níbòmíràn, kó sì ní kí ẹ tú ìlédìí ọmọ, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ó fẹ́ wo oríkèé ìbàdí rẹ̀ ni, torí àléébù ìbàdí máa ń bá ọrùn líle rìn nígbà míì.