Òwú Ló Kọ́ Mumbai: Bí A Ṣe Lo Àwọn Ọjọ́ Tó Gbẹ̀yìn Pẹ̀lú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ wa. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ ni bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlú ṣe lo àwọn ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ìrìn àjò wọn sí Mumbai ní ilẹ̀ Íńdíà. Ẹni tó bá ti gbọ́ mi rí mọ̀ pé orí òwú ni n ó dúró sí. Ibẹ̀ náà ni mò ń lọ.

A ò tíì kúrò nílé tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹ̀ka wa, mo rí díẹ̀ nínú wọn níwájú níbí, ẹ kúulé o, ní kí a fi ọjọ́ tó bá kù sílẹ̀ fún ọjà rírà ní àdúgbò Colaba àti fọ́tò yíyà níwájú Gateway of India, ẹnubodè òkúta ńlá tó wà létí òkun. Wọ́n ní yóò ti rẹ àwọn ọmọ. Èmi ò gbà. Ìgbà tí àjò bá fẹ́ parí ni ojú àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ọmọ tí èrò inú ọkọ̀ ojú irin ń dẹ́rù bà nígbà tó dé ti wá mọ ibi tó yẹ kó dúró sí kí wọ́n má baà gbé e kọjá ibi tó ń lọ. Ó ti mọ ọjà í ná. Ṣé ìgbà yẹn ló yẹ ká ní kó lọ máa ra ẹ̀bùn àjò? A yà sí Gateway náà ṣá. Ìbẹ̀wò Ọba George Karùn-ún ní 1911 ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1924, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́yìn gbà kúrò ní Íńdíà ní oṣù Kejì 1948. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a jókòó tì ni ibùdó rélùwéè ńlá tí wọ́n ń pè ní Chhatrapati Shivaji Maharaj Terminus. Ọdún 1888 ni wọ́n parí rẹ̀, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2004. Gbogbo ọmọ gbójú sókè, wọ́n ń wo ẹranko àti ewé tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí. Ọ̀kan ní, "Òkúta ni, sà." Mo ní rárá, òwú ni: owó òwú ló kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 1853, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tó kó èrò ní Íńdíà gbéra láti Bori Bunder, nítòsí ibi tí ibùdó yìí wà lónìí, ó lọ sí Thane, nǹkan bíi kìlómítà 34. Ta ló ń ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kó la ojú irin? Àwọn oníṣòwò Manchester, ìlú aṣọ híhun ní Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn, torí wọ́n fẹ́ kí òwú orí òkè Deccan máa yára dé etíkun. Ní 1861 ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òwú ibẹ̀ ò rọ́nà dé Gẹ̀ẹ́sì mọ́, iye owó òwú Íńdíà sì fò sókè. Owó ya wọ Bombay, bí wọ́n ṣe ń pe Mumbai nígbà náà, bí àgbàrá òjò. Nígbà tí ogun parí ní 1865, báńkì wó, olówó di onígbèsè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti fi owó náà kó iyẹ̀pẹ̀ dí létí òkun ò padà di omi. Wọ́n la ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì ní 1869, ó tún sún Bombay mọ́ Yúróòpù. Láàárín ìyẹn, ará Parsi kan (àwọn ọmọ Íńdíà tí baba ńlá wọn ti Páṣíà wá), Cowasji Davar, ti dá ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀ níbẹ̀ láti 1854.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé owó ọpíọ́mù, oògùn olóró, ló kọ́ ìlú náà, wọ́n á sì fa Jamsetjee Jejeebhoy, oníṣòwò ńlá kan ní Bombay, yọ. Ẹ ka ìtàn ọkùnrin náà tán: ó ta ọpíọ́mù fún Ṣáínà lóòótọ́, ó sì ta òwú. Ẹ má gé ìtàn sí ìdajì kí ẹ lè borí wa.

Láti ibùdó náà a wọ ọkọ̀ ojú irin ìlà Harbour lọ sí Cotton Green, àdúgbò ọjà òwú àtijọ́, lẹ́yìn náà a kọjá sí Parel, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ àtijọ́. Ibẹ̀ ni àwọn chawl, ilé àwọn òṣìṣẹ́, wà: yàrá kan fún ìdílé kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí gbogbo ilé jọ ń lò, ilé ìgbẹ́ àjọlò. Ọkùnrin tó wá ṣiṣẹ́ láti Konkan, ẹkùn etíkun tó wà nítòsí, á fi ìyàwó sílẹ̀ lábúlé, á wá sùn níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀.

Alága ti ń fọwọ́ sí mi pé àkókò ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Dharavi, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tó kún fọ́fọ́, àti àwọn dabbawala tó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán káàkiri ìlú, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ dìgbà mìíràn.

Ṣùgbọ́n Màmá kan nawọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ti ta aṣọ rí, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti sọ̀rọ̀ òwú títí. Àwọn tó ń hun ún dà?"

Màmá, ẹ ṣeun. Ìyẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 1982, nǹkan bíi òṣìṣẹ́ ìhunṣọ 250,000 daṣẹ́ sílẹ̀, dókítà oníṣègùn kan, Datta Samant, ló ṣáájú wọn. Lé ní ọdún kan ni ìyanṣẹ́lódì náà fi wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kéde pé ó parí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tìlẹ̀kùn, iṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna àti Ìkẹjà, mi ò ní í sọ bí ilé ṣe rí fún yín.

Ilẹ̀ ló wá kù, ilẹ̀ olówó gọbọi láàárín ìlú. Òfin 1991 ní kí wọ́n pín in sí mẹ́ta: ìpín kan fún gbàgede àwọn ará ìlú, ìkan fún ilé mẹ̀kúnnù, ìkan fún onílé-iṣẹ́. Ní 2001 ìjọba ìpínlẹ̀ yí i padà, ó ní ibi tí kò sí ilé lórí rẹ̀ nìkan ni wọn ó pín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fara mọ́ ọn ní 2006. Ibi tí Phoenix Mills ti ń hunṣọ, ilé ìtajà ìgbàlódé ló wà níbẹ̀ báyìí. A wọ inú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, a wo ọ̀pá èéfín àtijọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹwà. Inú bí mi níbẹ̀, ó ṣì ń bí mi.

Màmá tún ní, "Wọ́n rílé gbà ṣá?" Díẹ̀ rí i, Màmá. Láti 2012 ni ìjọba ti ń ṣẹ́ gègé láti pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ náà àti àrólé wọn, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ti mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó ti ya àwòrán ilẹ̀ náà bí ì bá ṣe rí ká ní wọ́n tẹ̀ lé òfin 1991. Òun ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn. Ẹ ní kó ṣí i hàn yín.