Jack Williams, alágbẹ̀dẹ tí ọba fi àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin dá lọ́lá lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ọmọ ilẹ̀ Wales ni John Henry Williams, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní Jack. Ìlú Nantyglo ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1886, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó sì ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ó fi owú àti ẹwìrì sílẹ̀, ó sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun South Wales Borderers.

Ìjà igbó Mametz ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1916 ni ó ti gba àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́, ó sì tún gba méjì ní ọdún 1917.

Òru ọjọ́ keje mọ́jú ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá ọdún 1918, ní abúlé Villers-Outréaux, ni ti ńlá ṣẹlẹ̀. Ìbọn arọ̀jò-ọta àwọn ará Jámánì ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ nípakúpa. Jack, tí ó ti di sàmánjà, ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa yìnbọn sí àwọn ará Jámánì náà láti iwájú, òun sì gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí wọn lójijì. Ọmọ ogun mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé òun nìkan ni ó dá wá, wọ́n yíjú padà sí i, ọ̀kan nínú wọn sì di ìbọn ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Ó já ìbọn náà gbà, ó fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn náà gún márùn-ún nínú wọn, àwọn tó kù sì tún túúbá. Èmi a máa rò pé apá tí ó ti fi owú lu irin fún ọdún púpọ̀ ló ṣiṣẹ́ lóru ọjọ́ náà.

Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí àfọ́kù bọ́ǹbù fi ṣe é léṣe gidigidi.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì ọdún 1919, Ọba George Karùn-ún fi àmì ẹ̀yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ọ láyà, pẹ̀lú Victoria Cross tí ó ga jù lọ, ohun tí ọba náà kò tíì ṣe fún ẹnikẹ́ni rí lọ́jọ́ kan. Ọgbẹ́ apá rẹ̀ tún ṣí láàfin níbẹ̀, wọ́n sì ní láti tọ́jú rẹ̀ kí ó tó lè máa lọ.

Nígbà tí ó padà sílé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ni ó ń ṣe ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ irin Ebbw Vale. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 1953, ìlú Ebbw Vale náà ni wọ́n sì sin ín sí.