Ẹ Kó Ẹrù Síta Kí Àlùfáà Tó Wọlé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Bí ẹ bá ń gbọ́ tó-tó-tó lẹ́yìn ohùn mi, òjò ni. Manchester ṣáà ni.

Lóṣù tó kọjá, ògiri yàrá mi bu. Ìdájí ni mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo tan iná, mo rí i: ó dúdú, etí rẹ̀ ń ṣe bí ọbẹ̀dò, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi gun àtẹ̀gùn, tí mo lọ ń kanlẹ̀kùn ìyá àgbà ará Jàmáíkà tó ń gbé lókè mi. Mo ní omi ilé ìwẹ̀ wọn ló ń jò wá bá mi. Wọ́n ní kò sómi tó jò. Mo ní irọ́ ni. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo wo ojú àgbà, mo ní irọ́ ni!

Ọjọ́ kẹrin ni alátùn-únṣe dé. Kò pẹ́ nínú ilé, ìta ló lọ. Ọ̀pá tó ń gbé omi òjò bọ̀ láti orí òrùlé ti là, ara bíríkì ni omi ń gbà wọlé.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Léfítíkù orí 14 la kà dé ní ìjọ, ibi tí gbogbo wa máa ń fò. Bíbélì wa pe àrùn yẹn ní ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ wo ló ń mú ògiri? Ọ̀rọ̀ Hébérù náà, tsara'at, kó awọ ara, aṣọ àti ilé pọ̀. Onílé tó bá rí àbàwọ́n yóò lọ bá àlùfáà, yóò ní ó jọ lójú òun bí ẹni pé àrùn wà nínú ilé. Ó jọ o. Àwọn ràbí, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, tó kó Míṣínà, ìwé òfin àtẹnudẹ́nu wọn, jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ní bí onílé tilẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ọ̀rọ̀ náà dá lójú, kò gbọdọ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ 36 ló wá mú mi jókòó. Kí àlùfáà tó wọlé wò ó, kí wọ́n kó gbogbo ẹrù síta, kí ohun tó wà nínú ilé má bàa di aláìmọ́. Ẹ gbọ́ mi: àbàwọ́n ti wà lára ògiri láti àná, ìkòkò àti ẹní jọ wà níbẹ̀, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ẹnu àlùfáà ni wọ́n ń sá fún.

Òun náà kì í kánjú. Yóò ti ilé pa fún ọjọ́ méje, yóò padà wá wò ó. Bí ó bá ti ràn, òkúta tó mú nìkan ni wọn yóò yọ, wọn yóò ha ògiri, wọn yóò tún un rẹ́. Àfi tó bá tún jáde ni wọ́n tó wó ilé.

Míṣínà tún ní a kì í wo àrùn ní ìdájí, tàbí ní ìrọ̀lẹ́, tàbí lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, torí funfun tí kò tàn yóò dà bí èyí tó ń tàn. (Àlùfáà tí wọ́n bá gbé wá sí Manchester, ebi ni yóò pa á.) Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ wo ti ara rẹ̀. Ìdájí, lábẹ́ gílóòbù, ògiri èmi fúnra mi.

Mo ti lọ bẹ ìyá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ṣéènì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní ó dáa, wọ́n tìlẹ̀kùn.

Ọ̀pá ti di títúnṣe. Mo nu ògiri, mo fi pẹ́ńsù yí ibi tí àbàwọ́n wà ká. Ọ̀la ló pé ọjọ́ méje. Ọ̀sán ni màá wò ó, bí oòrùn bá yọ.