Ọmọ Àfín àti Oòrùn Èkìtì

Ṣadé: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì tó wà lókè òkun. Èmi Ṣadé rèé ní Manchester, Bọ̀dá Wọlé wà ní Houston. Bọ̀dá mi, ẹ kú àbọ̀. Ilé ńkọ́?

Wọlé: Adúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Àfín ni. Mo ṣí fìlà lórí rẹ̀, etí rẹ̀ ti sán, ètè ti bó, àmì dúdú wẹ́wẹ́ kún ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Ṣadé: Háà! Fìlà wo ló dé?

Wọlé: Fésìkáàpù ni. Iwájú orí nìkan nìyẹn ń bò. Akẹtẹ̀ tó fẹ̀ ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wù alápá gígùn.

Ṣadé: Ìyá rẹ̀ kì í fi òróró àgbọn pa á ni?

Wọlé: Ó ń fi pa á, kò sì dá oòrùn dúró. Melanin, ohun tó ń mú awọ dúdú, ń gba àwa tó dúdú díẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Àfín kò ní in tó. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ awọ fi ń mú púpọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Egbò tó bá lé lóṣù kan tí kò jinná, ẹ má da àgbo sí i. Ilé ìwòsàn ńlá ní Adó ni kí ẹ gbé e lọ.

Ṣadé: Ẹ̀yin tó ń bó ara náà, ẹ gbọ́ o. Ohun tó ń dáàbò bò yín lẹ ń bó dànù. Sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, èwo ni ká fi ránṣẹ́ sílé?

Wọlé: Èyí tí wọ́n kọ SPF, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìdáàbòbò rẹ̀, 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, tó ń dènà UVA àti UVB, ìtànṣán oòrùn méjì tó ń ba awọ jẹ́. Kó pa á ní ìṣẹ́jú 15 kó tó jáde, kó tún un pa ní wákàtí 2 síra wọn. Ẹ má ṣahun sí i: etí, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ni. Bí òjò bá ṣú pàápàá, ìtànṣán yẹn ń gba inú ìkúùkù kọjá. Aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Mo ti bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé kó máa jẹ́ kí ọmọ náà jókòó síbòji nígbà eré ìdárayá.

Ṣadé: Ṣé mo lè kó o sínú páálí tó ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ?

Wọlé: Rárá o, Ṣadé. Ooru inú kọ̀ǹténà á bà á jẹ́. Ẹni tó ń wọ bàálù ni kó o fi rán, kó o sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára ìgò rẹ̀.

Ṣadé: Ìyàwó àbúrò mi ń lọ sí Adó lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ìyá ọmọ náà.