Ẹran Abilà, Ẹran Ọ̀bọ̀rọ́: Ohun tí Àtẹ Alápatà Ń Kọ́ Wa Nípa Iṣan

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí òórùn tó ń ti orí tábìlì yìí wá. Ìsọ̀ alápatà ni mo yà sí kí n tó dé ibí, mo sì ra ẹran itan màlúù, ọkàn rẹ̀, ṣàkì, àti iwe adìẹ méjì. Mo ti bọ ẹran itan nílé, torí ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín kì í hàn dáadáa nígbà tó bá ṣì tutù.

Kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ èdè wa. Iṣan là ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pe okùn tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà la tún ń pe ẹran tó ń mú ara rìn. Ẹni tó bá ní iṣan ń ro òun, ẹ ní láti bi í léèrè èwo ni. Ẹran tó ń fà, tó tún ń dẹ̀, ni tèmi lónìí.

Ẹ wo ẹran itan yìí. Mo fi ìka méjì ya á, ó ń já ní fọ́nrán fọ́nrán bí òwú. Ìdì ni fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tú u títí, ẹ ó kan sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí ilà dúdú àti funfun níbùú rẹ̀ bíi ti aṣọ òfì. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní abilà.

Áktìnì àti máyósìnì, fọ́nrán purotéènì méjì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, ló ń ya ilà yẹn. Ní 1954, ikọ̀ olùwádìí méjì sọ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà pé nígbà tí iṣan bá ń fà, àwọn fọ́nrán wọ̀nyí kì í sún kì. Ṣe ni wọ́n ń yọ́ wọ àárín ara wọn, bí mo ṣe ń ti ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ti òsì yìí. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Huxley wà nínú ikọ̀ kìíní, Huxley mìíràn wà nínú ìkejì, wọn kò sì bá ara wọn tan rárá.

Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu ni pé kì í ṣe fífà nìkan ló ń náni lágbára. Máyósìnì kò lè jáwọ́ lára áktìnì láìjẹ́ pé agbára tuntun dé. Ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú máa ń gbọ̀n lórí káńtà torí agbára díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá tán, ọwọ́ ò já mọ́, gbogbo rẹ̀ á gan. Òkú tó gan kò le nítorí òtútù. Kò rí ohun tí yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Iṣan ara eegun yìí ju 600 lọ lára ènìyàn, àwa la sì ń pàṣẹ fún un. Àwọ̀ rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Àyà adìẹ funfun nítorí pé kì í fò jìnnà. Itan tó fi ń rìn kiri látàárọ̀ ló dúdú. Ẹ wá pa ẹyẹlé, àyà gan-an ni ẹ ó bá tó pọ́n, torí ibẹ̀ ni máyóglóbìnì, èròjà pupa tó ń tọ́jú ọ́síjìn, pọ̀ sí.

Ọkàn náà jẹ́ abilà, àmọ́ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ya ẹ̀ka, wọ́n so kọ́ra bí àwọ̀n. Ẹni tó bá ti pa ahun rí mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ á ṣì máa lù lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ síta. Ní 1907 ni àwọn olùwádìí méjì, Arthur Keith àti Martin Flack, ṣàlàyé ibi kékeré tí lílù náà ti ń bẹ̀rẹ̀: ìyáàlù wà nínú ọkàn fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ṣàkì. Kò sí ilà kankan níbí, ọ̀bọ̀rọ́ ni. Ó ń lọ́ra, àárẹ̀ kì í tètè mú un. Dókítà ẹran á gbé ọwọ́ lé ìhà òsì màlúù, á máa ka bí ikùn ṣe ń yí: ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ara ẹran bá le. Irú iṣan yìí ló wà nínú ìfun, ilé ọmọ, àti ara òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ bi ìyá tó ti rọbí rí bóyá ó ṣeé pàṣẹ fún.

Iwe adìẹ ńkọ́? Gbogbo yín ní abilà ni, torí ó pọ́n, ó sì ki. Ẹ ti gbà á tì! Ọ̀bọ̀rọ́ ni.

Màmá kan ní ẹ̀yìn wá béèrè pọ̀nmọ́. Awọ ni, mà. Ṣùgbọ́n ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, iṣan ọ̀bọ̀rọ́ tíńtín kan wà tó ń fa irun dìde nígbà tí òtútù bá mú ẹran. Wọ́n ti fi iná wi irun náà kó tó dé ọjà. Iṣan yẹn ò bá a lọ.