Orúkọ Tí Etí Dá Mọ̀: Ohùn àti Àwòrán Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà láàárín wa, mo kí yín o. Àwọn kan ní ọ̀ṣọ́ lásán ni ohùn àti àwòrán jẹ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí; orúkọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn mi. Bí mo bá kọ Ojo sára pátákó láìfi àmì sí i, ọmọ Yorùbá tó bá rí i yóò máa rò ó bóyá Òjó ni, orúkọ ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, tàbí òjò tó ń rọ̀, tàbí ojo tí ẹ̀rù máa ń bà. Ará Sípéènì kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ojú ní èdè rẹ̀ nìyẹn, "oho" ni yóò sì kà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn èèyàn wa rí. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun. Wọ́n á kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ síwájú kóòtù, ní Freetown ní Sàró tàbí ní Havana ní Kúbà, akọ̀wé á sì kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti bí oníkálukú ṣe ga tó sínú ìwé. Etí Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé Freetown fi ń gbọ́, ti Havana ń fi etí Sípáníìṣì gbọ́. Ọmọdékùnrin ará Òṣoògùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1822, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Adjai ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ láyé ìgbà náà. Bí Òjó bá dúró níwájú akọ̀wé Havana, ó lè di Oyo tàbí Ocho nínú ìwé, ẹni tó bá sì rí Oyo lónìí lè búra pé ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń wí.

Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé wọ̀nyí lé ní 91,000. Àwọn olùwádìí tó bá David Eltis ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Emory, ní Amẹ́ríkà, kó orúkọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní African Origins. Wọ́n gba ohùn ẹni tó ka orúkọ sókè sílẹ̀, wọ́n sì ké sí gbogbo ayé pé ẹni tó bá dá orúkọ mọ̀ kí ó sọ èdè tó ti wá. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú, tí kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí, lè gbọ́ orúkọ kan, kí ó sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ohùn jẹ́ nínú ìwádìí. Òun gan-an ni irinṣẹ́ níhìn-ín.

Irú iṣẹ́ yìí náà ni SlaveVoyages, àkójọ ìrìn àjò ọkọ̀ akẹ́rú, tó kọ́kọ́ jáde lórí CD-ROM, àwo tí kọ̀ǹpútà ń kà, ní 1999 pẹ̀lú ìrìn àjò tó lé ní 27,000, tó sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2008. Máàpù rẹ̀ máa ń rìn: tótó kan, ìyẹn àmì kékeré roboto, dúró fún ọkọ̀ kan. Ènìyàn á rí i bí tótó ṣe ń pọ̀ láti etíkun wa lọ sí Bahia ní Brazil àti sí Kúbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, lásìkò tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè wà nínú tótó kan ṣoṣo, nítorí náà máàpù tí kò bá ní orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fi ènìyàn pamọ́.

Nígbà tí èmi náà ń kọ ìwé oyè mi lórí ìlù dùndún, wọ́n ní kí n yọ ohùn kúrò, kí n fi dò-rè-mí rọ́pò rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní. Onílù tó kọ́ mi máa ń fún ọsán mọ́ ìhà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí kòǹgọ́ bá ti kan awọ, ohùn á wá fà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹni ń kẹ́dùn. Rè àti mí ni mo kọ. Fífà yẹn kò sí lórí ìwé mi.

Ṣùgbọ́n ewu wà nínú fífi ohùn àti àwòrán pamọ́ sórí ẹ̀rọ o. Ta ló tún ní ẹ̀rọ tí ń ka àwo CD-ROM nílé? Flash, ètò kọ̀ǹpútà tí ń gbé àwòrán tó ń rìn àti ohùn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùwádìí) bíi Vectors fi kọ́ iṣẹ́ wọn láti 2005, kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin 2020, iṣẹ́ ọlọ́dún púpọ̀ kò sì ṣeé ṣí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ohùn sí fáìlì tó rọrùn, tí kò ní jẹ dátà akẹ́kọ̀ọ́ tán, ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tì í, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sí ibi ìkówèésí. Bí onílù bá ní kí apá kan má dé etí gbogbo ayé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe jọ́nà ni pé, bí iṣẹ́ bá dá lórí ìlù, kí ohùn náà dé ọ̀dọ̀ onílù kan bí ìwé ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì fún àyẹ̀wò. Bí ó bá ní ohun tí a kọ kọ́ ni òun gbọ́, kí a tún un kọ kó tó jáde.